Ọ̀pá Irin Kan ní Ibido

Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, tó sì fẹ́ yà sí Ṣàgámù, yóò gba ibì kan kọjá tí ojú ọ̀nà ti ká bìrìkìtì bí ìrù ọ̀gà. Oríta ńlá tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Ṣàgámù Interchange ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin ti pàdé. Awakọ̀ tó bá fẹ́ kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì ní láti tẹ̀lé ìyípo náà títí ojú ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi kọ sí ibi tó ń lọ. Ojú ìyípo yẹn ni bàbá mi ti fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú ní ọjọ́ Sátidé kan, tí wọ́n sì wí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Rọra."

N kò sá eré. Dáńfó kan tí èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wá sílẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti yí sítíárì, gbogbo ara ọkọ̀ náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì gbá ní ìhà. Mo dá sítíárì padà díẹ̀, ó tún fì sí òdìkejì. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn lójú mi. Bàbá mi kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí a fi dé ilé ní Ibido. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró ti ọkọ̀ náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá mi kò gbé ọkọ̀ yìí wálé kó wá fi ọmọ mi ṣòfò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún ọ. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, pe àwọn tó ń ra àlòkù irin kí wọ́n wá kó o."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún wọn láti sọ. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ti sin ín ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ohun tó sì kù tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ọlọ́mọ ènìyàn méjì yìí, tó wà lábẹ́ tapólì ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín mọ Ibido. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gba Ṣàgámù kọjá kò mọ̀ pé Ṣàgámù kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ jẹ́ ẹ. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Rẹ́mọ rí i pé ẹni tó bá dá dúró ni ọ̀tá yóò kọ́kọ́ jẹ run. Wọ́n kúrò ní ibùdó wọn, wọ́n wá tẹ̀dó sí ojú kan náà. Ọ̀fin, níbi tí ìdílé Akárígbò ti wá, wà nínú wọn. Màkún wà nínú wọn. Ibido náà wà níbẹ̀. Títí di òní, bí o bá bi ọmọ Ṣàgámù léèrè ibi tó ti wá, kò ní pẹ́ kó tó sọ fún ọ pé ọmọ Màkún ni òun, tàbí ọmọ Ibido. Wọ́n para pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ nù.

Láti ìgbà náà ni Ṣàgámù ti jẹ́ ìlú ọ̀nà. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ìkòròdú wá láti Èkó, inú Ṣàgámù ló ń gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn. Obì ló sọ ọjà ìlú náà di ńlá. Láti inú oko Rẹ́mọ ni wọ́n ti ń kó obì gbàǹja wá, àwọn oníṣòwò Hausa tó tẹ̀dó sí Sábó a sì dì í sínú apẹ̀rẹ̀ àti ewé, wọn a kó o lọ sí Òkè Ọya. Ilẹ̀ Ṣàgámù tún ní òkúta ẹfun lábẹ́, èyí ló sì mú kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ níbẹ̀ ní apá ìparí ọdún 1970 sí 1979. Obì, sìmẹ́ńtì, àti èrò tó ń lọ sí ìlà-oòrùn: gbogbo wọn, ọkọ̀ ló ń gbé wọn. Ìlú tí ọkọ̀ bá ń gbà kọjá tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní mẹkáníìkì tó gbọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ibido. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn sì dúdú fún ọ́ìlì dé ibi tí ọṣẹ kò lè dé mọ́. Àwọn ló jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí ó ti sùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Interchange fún wọn, wọn kò yà lẹ́nu. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, wọ́n sì pè mí.

"Wo iwájú níbí. Kí ni o rí?"

Mo ní, "N kò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Ohun tí mo fẹ́ kí o rí nìyẹn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí kò ní sítábíláísà."

Orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pe ọ̀pá irin kan tó gba iwájú ọkọ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní sway bar, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní anti-roll bar. Kí n tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fi ní.

MGB ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1975. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ní ìlú Abingdon, nítòsí Oxford. Láti 1962 títí di 1980 ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀, iye rẹ̀ sì lé ní 500,000. Apá tó pọ̀ jù nínú wọn ló lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ra tirẹ̀ ní àlòkù nígbà tó ń kàwé. Ọwọ́ òsì ni sítíárì rẹ̀ wà. Ìyẹn bá wa mu, nítorí láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì títì, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé, Volkswagen tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá àti Peugeot 504 ló kún títì. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti ń to ọkọ̀ jọ ní ilẹ̀ wa láti 1975, ti Volkswagen ní Èkó, ti Peugeot ní Kàdúná. Bàbá mi ní bí ọkọ̀ kékeré aláìlórílé náà bá wọ Ibido, àwọn ọmọdé á tò tẹ̀lé e bí ẹni tó rí eégún.

Ní apá ìparí 1974, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí bọ́ńpà mú kí àwọn tó ń ṣe MGB fi rọ́bà dúdú ńlá síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì gbé gbogbo ara rẹ̀ ga ní nǹkan bí ínṣì kan. Ohun tó bá ga sí i yóò túbọ̀ máa fì. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fún un ní ọ̀pá tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ ọ̀pá iwájú kúrò láti dín owó kù, ó sì di ohun tí ẹni tó bá fẹ́ yóò sanwó lé. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó padà bá wọn. Nígbà tí yóò fi di ọkọ̀ ọdún 1977, wọ́n ti fi ọ̀pá sí iwájú, wọ́n sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tiwa bọ́ sí àárín ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe é láìsí ọ̀pá.

Báwo ni ọ̀pá náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Bàbá fi aṣọ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Wọ́n mú àkísà tútù kan, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ di ẹ̀gbẹ́ kan mú, wọ́n di èkejì mú. "Jẹ́ kí àwa méjèèjì yí i sí apá kan náà," ni wọ́n wí. Àkísà náà kàn ń yí lọ́wọ́ wọn ni, omi kò jáde. Wọ́n tún ní, "Ìwọ di tìrẹ mú ṣinṣin." Àwọn nìkan yí tiwọn. Lójú ẹsẹ̀ ni àkísà náà le gbagidi, omi sì dà sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀pá náà tẹ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ apá irin tó gbé táyà dúró ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àárín rẹ̀ wà nínú búṣìnì rọ́bà méjì tí a dè mọ́ ṣáásì. Bí táyà méjèèjì bá gun gegele kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá náà kàn máa ń yí nínú rọ́bà rẹ̀ ni, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ òde yóò sún kì, ti inú yóò nà. Ìpẹ̀kun kan lọ sókè, èkejì lọ sílẹ̀, ọ̀pá náà di èyí tí a ń fún bí aṣọ. Kò fẹ́ kí a fún òun, nítorí náà ó ń fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì padà sí ọ̀gbọọgba. Ọjọ́ ìmọ̀ yìí ti pẹ́: ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1919 ni ọmọ Kánádà kan tó ń jẹ́ S. L. C. Coleman, ará Fredericton, gba ìwé-ẹ̀rí olùṣẹ̀dá lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀.

Bàbá pa àkísà náà tì, wọ́n ní, "Irin yìí kò ní iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ tí nǹkan bá gún. Ọjọ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rì ni wàá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Wíwá ọ̀pá náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú mẹ́fà tí bàbá mi fún mi. Mo kọ́kọ́ lọ sí Ládipọ̀ ní Mushin, ọjà tí ènìyàn ti lè rí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó pọ̀ ju irun orí lọ. Wọ́n ní ti Corolla, wọ́n ní ti Golf, wọ́n ní ti 504. Kò sí ti MGB. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ti ọkọ̀ mìíràn, kí ajórin fi iná tẹ̀ ẹ́ kó bá tèmi mu. Owó rẹ̀ kò pọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo fi fóònù pe Bàbá.

"Má dán an wò," ni wọ́n wí. "Irin sípíríǹgì ni. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti mú un gbóná, wọ́n sì ti mú un tutù ní ọ̀nà tó fi ní ìyè. Bí ajórin bá fi iná sí i báyìí, ìyè yẹn á kúrò lójú ibẹ̀. Á tẹ̀, kò sì ní padà. Tàbí kó kán sí méjì lórí eré."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbà mí. Àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara MGB tuntun sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó bi mí léèrè ìnípọn tí mo fẹ́, mo sì sọ fún un pé kó ra èyí tó nípọn jù. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n ní kí n yára pè é padà. Agbára ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ ní ìwọ̀n ìnípọn rẹ̀ nìkan. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ìnípọn rẹ̀, agbára rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí i. Bí a bá sọ ìnípọn náà di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bí ti iwájú bá sì le jù, imú ọkọ̀ kò ní fẹ́ wọ kọ́nà mọ́. Ìwọ á yí sítíárì, òun á máa lọ tààrà. A mú èyí tó wà ní ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí. Ó gun ọkọ̀ òfuurufú wálé nínú páálí gígùn kan, pẹ̀lú búṣìnì, línkéèjì méjì, àti bóòtù nínú ọ̀rá kékeré.

Bóòtù wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Ínṣì ni wọ́n fi wọn bóòtù ọkọ̀ náà, ẹyín wọn sì yàtọ̀ sí ti mìlímítà tó kún ọjà wa. Bóòtù tiwa a wọ ihò náà díẹ̀, a dà bí ẹni pé ó gbà, lẹ́yìn náà a há, a sì ba ihò jẹ́. Sípánà pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nọ́mbà 13 fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orí bóòtù ìdajì ínṣì mu, ṣùgbọ́n kò bá a mu tán, bí a bá sì fi agbára tẹ̀ ẹ́, orí bóòtù náà á di róbótó. Bàbá lọ gbé àpótí igi kan jáde láti inú yàrá. Sípánà onínṣì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀gá tiwọn fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n gba òmìnira.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a ṣe iṣẹ́ náà. A gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, a fi igi há táyà ẹ̀yìn. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò ní ojú ṣáásì, a sì fọ ihò bóòtù mọ́ títí ẹyín wọn fi yọ. Nígbà náà ni ọmọ iṣẹ́ àgbà fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ òsì sókè, ó ti irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, ó sì so ìpẹ̀kun òsì mọ́ línkéèjì. Gbogbo rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò gbà. Ìpẹ̀kun ọ̀pá náà rẹlẹ̀ jù, ó fi nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ibi tó yẹ kó wà.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé wọ́n fi ti ọkọ̀ mìíràn ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, owó mi sì ti tán. Ọmọ iṣẹ́ náà mú irin gígùn kan wá, ó fẹ́ fi tì í kó lè wọlé pẹ̀lú agbára. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́ lábẹ́ igi. Wọ́n kígbe mọ́ ọn pé kó fi í sílẹ̀, wọ́n sì dìde wá pẹ̀lú ọwọ́ ọbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀ ń bá a jà? Ọ̀pá yẹn ti ń ṣiṣẹ́."

Gbogbo wa wò wọ́n.

"Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, táyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, táyà rẹ̀ dúró lé ilẹ̀. Ẹ wá so ọ̀pá mọ́ ọn. Ṣé ẹ rò pé á gbà kí ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀, kí ọ̀kan má rọ̀? Iṣẹ́ tí a tìtorí ẹ̀ rà á nìyẹn. Ẹ gbé méjèèjì dọ́gba."

A tú u. A gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè ní ìwọ̀n kan náà, a fi irin ìdúró méjì gbé e, táyà iwájú méjèèjì sì rọ̀ sílẹ̀ bákan náà. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbé ìpẹ̀kun ọ̀tún wọ àyè rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Nínú ohun mìíràn tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà, méjì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́, ọṣẹ olómi ni a fi pa búṣìnì rọ́bà kó lè wọlé, kì í ṣe ọ́ìlì, nítorí ọ́ìlì ọkọ̀ máa ń jẹ rọ́bà. Èkejì, a kò fún nọ́ọ̀tì pa nígbà tí ọkọ̀ wà lókè. A dè wọ́n díẹ̀, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹni méjì jókòó sínú rẹ̀, a tì í síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni a tó fún wọn. Bí a bá fún wọn nígbà tí táyà ń rọ̀, inú ìnira ni rọ́bà á máa wà nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dúró sílẹ̀, á sì tètè ya. Ní ìparí, Bàbá ní kí n yí sítíárì dé òpin ní ọ̀tún àti ní òsì, bí àwọn ti ń wo abẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀pá náà má baà kan táyà tàbí rọ́bà bíréèkì.

Ẹ̀bìrìpò ni aya Bàbá gbé fún wa lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata gbígbóná. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kókò tí a rin ni, tí a fi iyọ̀ àti èròjà po, tí a pọ́n sínú ewé, tí a sì sè títí tó fi dì. Oúnjẹ ilẹ̀ Rẹ́mọ ni, kò sì sí ibi tí mo ti jẹ ẹ́ tó dùn tó ti abẹ́ igi máńgòrò yẹn. Bí a ti ń jẹun, ọkùnrin kan wá pẹ̀lú Corolla. Ó ní iwájú ọkọ̀ òun ń dún kó-kó-kó lórí kòtò. Ó fẹ́ kí Bàbá yọ línkéèjì rẹ̀ sọ nù, nítorí mẹkáníìkì ibòmíràn ti sọ pé ọkọ̀ lè rìn láìsí i.

Bàbá ní, "Ó lè rìn lóòótọ́. Ìwọ pẹ̀lú lè rìn láìsí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ajá bá já sí ọ lójú títì lórí eré, tí o sì fẹ́ yà fún un, ni wàá wá línkéèjì."

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Línkéèjì tó ń dún kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà, mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá mi. Wọ́n ti wọṣọ. Wọ́n wọ inú ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn sì lọ tààrà sí ilẹ̀kùn. A jáde ní Ibido, a gba àárín ìlú kọjá. N kò ní purọ́ fún yín: níbi tí kòtò ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà ta wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó tí a ń san fún ọ̀pá náà nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó ti so táyà méjèèjì pọ̀, ohun tó bá ṣe ọ̀kan kò ní ṣàìdé etí èkejì.

A dé Interchange. Mo wọ ìyípo náà ní ìwọ̀n eré kan náà tí mo fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́sí. Mo yí sítíárì, mo sì ń dúró de ìgbà tí yóò dà. Kò dà. Ó tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fi èjìká ti ara ògiri, ó sì dúró síbẹ̀. Imú rẹ̀ tẹ̀lé ojú ọ̀nà títí ìyípo náà fi parí. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọwọ́ bàbá mi ti kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó wà lórí itan wọn.

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ rí. Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n wọn gbé ọkọ̀ náà dé, ó fi gbé wọn láti Ibido lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ náà dà, ó sì bọ́ sínú igbó. Kò sẹ́ni tó farapa. Ẹ̀gbọ́n wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ òun ló wúwo. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, bàbá mi kò wọ inú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn rò pé ìlara ni. Wọn kò bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n nǹkan kan fì sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárín wọn, kò sì gún mọ́.

Wọ́n ní, "Mo rò pé ó fi eré pa mí kù díẹ̀ ni. N kò mọ̀ pé nǹkan kan ló sọnù lábẹ́ ọkọ̀."

Mo ní, "Òun náà kò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n mi orí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní ojú oríta náà, ọ̀nà Ṣàgámù sì ti là sílẹ̀ níwájú wa. Wọ́n fi ìka tọ́ sí ẹ̀yìn.

"Ṣé ibì kan wà tí a ti lè yí padà? Jẹ́ kí a tún gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."